Akoto Lórí, Àjẹsára Lẹ́yìn: Bí Mo Ṣe Lo Ọjọ́ Ayé Mi Lórí Alùpùpù

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Adó-Èkìtì, tí ẹ fi orúkọ tí bàbá mi sọ mí bèèrè mi, ó ṣeé ṣe kí àwọn ènìyàn máa wojú ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Nọ́ọ̀sì Alálùpùpù lẹ ń wá, kódà ẹni tó kó dé àná yóò júwe ilé mi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òṣìṣẹ́ ìlera lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ bá àwọn ọlọ́mọ ní abúlé tí mọ́tò kì í dé. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe é. Orí alùpùpù ni mo ti ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, mo sì gbé orí mi délé ní pípé. Ẹ jẹ́ kí n fi yangàn díẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ló fà á tí mo fi ń kọ èyí. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìlera lọ́wọ́, ó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ yìí dáa fún obìnrin? Wọ́n ní wọ́n lè ní kí n máa gun máṣíìnì.” Mo ní kó jókòó. Nígbà tí mo fi máa sọ ìdajì, àwọn tó ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ti dúró lé wa lórí. Mo wá rí i pé ìdáhùn náà gùn ju ọ̀rọ̀ ìdúró lọ.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ kò gba àlàyé. Mo jáde ilé ẹ̀kọ́, wọ́n pe orúkọ mi, mo wọlé. Owó oṣù ńkọ́? Ó tó jẹ uyán, kò tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọdún kẹta tí mo dé ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n kó alùpùpù mẹ́ta wá fún wa, tí wọ́n ní kí àwọn tó bá fẹ́ gùn ún nawọ́. Ọkùnrin ni gbogbo ẹni tó nawọ́. Èmi náà na tèmi. Ẹ̀rín gba gbogbo yàrá. Ẹnìkan tilẹ̀ ké láti ẹ̀yìn pé, “Ìyàwó tíṣà, ṣé o fẹ́ kí ọkọ rẹ kọ̀ ọ́ ni?”  Ìyìn-Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Láti kékeré ni mo ti ń bá yèyé mi fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oko, mo sì ti rí ìyá tó pọn ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, tó rìn títí tí ọmọ náà fi dákẹ́ sí i lẹ́yìn. Bí abẹ́rẹ́ bá lè lọ bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ nílé, mo fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo gbé e lọ.

Ẹni tó kọ́ wa ni ọkùnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Sájẹ́ǹtì. Ológun ni tẹ́lẹ̀. Alùpùpù ló fi ń jíṣẹ́ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ lójú iṣẹ́ ológun, kó tó fẹ̀yìn tì wá sí Adó. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, n kò rí eyín rẹ̀ ní oṣù kìíní. Apá òsì rẹ̀, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, irun kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀.

A rò pé ọjọ́ kìíní la máa gun alùpùpù. Irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi tì í yíká pápá ilé ẹ̀kọ́ kan, bí ẹni ń ti ẹran tó kọ̀ tí kò rìn. Ó ní ẹni tí kò bá mọ bó ṣe wúwo tó kò ní mọ bí yóò ṣe dá a dúró nígbà tó bá fẹ́ dojú dé. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó kó ẹrù kan jáde: akoto tó bo orí dé àgbọ̀n, jákẹ́ẹ̀tì aṣọ kíki, ìbọ̀wọ́ awọ, bàtà búùtù tó gun ojúgun. Oòrùn ọ̀sán ń ta gan-an. Ó ní ká wọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a wọ̀ ọ́ tán, tí òógùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ó ní, “Ó yá, ẹ ṣubú.”

A dúró, à ń wò ó.

“Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré. Èmi kì í kọ́ ẹnikẹ́ni leré kó tó mọ ìṣubú. Ẹ ṣubú sórí koríko yìí!”

Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. A fi èjìká ṣubú, a fi ẹ̀gbẹ́ ṣubú, a yí gbirigbiri. Ó ń rìn láàárín wa, ó ń fi ẹsẹ̀ tọ́ka: “Ìwọ, ọwọ́ lo kọ́kọ́ nà sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló máa ń na ọwọ́, ìdí nìyẹn tí ìbọ̀wọ́ fi wà. Ìwọ, rí i bí akoto rẹ ṣe fò lọ. O ò de okùn rẹ̀. Akoto tí a kò de okùn rẹ̀, fìlà ni. Fìlà kò sì gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí.”

Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ wọ ojú ihò rẹ̀ títí tí ẹni tó ń wà á yóò fi gbọ́ ìró ìdè akoto: kọ́. Bí ẹni méjì bá wà lórí rẹ̀, yóò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo rú òfin yìí lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. A ń kọjá lẹ́bàá Ọjà Ọba, mo rí ìyá ọkọ mi níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀gúsí ní ìsọ̀ wọn. Mo dúró, mo bọ́ akoto, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Nígbà tí mo padà gùn ún, mo gbé akoto lérí, n kò dè é. Bàbá Sájẹ́ǹtì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní kí n sọ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó jù ú sápò.

“Tì í délé,” ló wí.

“Sà? Láti ibí?”

“Láti ibẹ̀ yẹn. Akoto lórí, okùn dídè.”

Ojú gbogbo ọjà ni mo ti tì í. Àwọn alátẹ ń pariwo, “Nọ́ọ̀sì, ṣé kò lépo ni?” Mo sunkún láti Ọjà Ọba dé ọ́fíìsì. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ àǹfààní mìíràn tí akoto tó bo ojú ní: kò sẹ́ni tó rí omijé mi.

Nígbà tí a dé, inú ń bí mi débi pé mo bi í léèrè ohun tí kò sẹ́ni tó láyà láti bi í. Mo ní, “Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà? Kí ló ṣe yín lápá?”

Ó wo apá náà bí ẹni pé ó ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. “Títì ló lá a,” ló wí. “Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gun alùpùpù kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé, torí pé ooru mú. Ọjọ́ yẹn náà ni.”

N kò bínú sí i mọ́. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná, ìdí tèmi sì gbóná lọ́wọ́ bàbá yẹn títí ó fi fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

Báyìí ni mo ṣe di alálùpùpù. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, ọ̀nà Ìyìn. Ọjọ́bọ̀, ọ̀nà Ìjàn àti àwọn abúlé oko tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo máa ń de kúlà tó ní yìnyín àti abẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì, màá sì ti kúrò ní Adó kí oòrùn tó le. Ìyá ọkọ mi kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ rárá. Wọ́n ní obìnrin tó ń wọ ṣòkòtò, tó tún de nǹkan bí ìkòkò mọ́rí, ṣé kì í ṣe àbùkù? Ìgbà tó yá ni obìnrin kan láti abà kan ní ìhà Ìjàn gbé ọmọ rẹ̀ wá kí wọn ní ìsọ̀ ẹ̀gúsí, ó ní, “Ìyàwó yín ló wá bá wa lóko.” Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gbọ́ ìró máṣíìnì mi, wọ́n á na ọrùn, wọ́n á sọ fún ẹni tó bá wà nítòsí pé, “Ìyàwó mi nìyẹn o. Ẹ kú uṣẹ́ o, ìyàwó mi!”

Irun ni ìṣòro àwa obìnrin. Akoto kò bá irun gíga ṣe rárá. Mo yanjú tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀: kọ́lẹ́sẹ̀ ni mò ń dì, irun tó lẹ̀ mọ́ orí pẹ̀tẹ́ láti iwájú dé ìpàkọ́, tí mo sì ń de ìborí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e kí òógùn má baà kó wọ inú akoto. Mo ní kí aránṣọ kan lọ́jà rán jákẹ́ẹ̀tì jíìnsì fún mi, aṣọ ìlọ́po méjì ní ìgúnpá àti èjìká. Ó ní ooru yóò pa mí. Mo ní ooru ṣeé wẹ̀ nù.

Ní báyìí mo fẹ́ sọ ohun tí n kì í fẹ́ sọ.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà tí wọ́n fi sí abẹ́ mi, Bọ̀sẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún àti díẹ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ọmọ ọwọ́ lè má mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ti wọlé. Ó máa ń kọrin fún wọn, tí wọ́n bá la ẹnu gbọ́ orin ni yóò ti gún wọn tán. Èmi ni mò ń wa máṣíìnì, òun ló máa ń jókòó lẹ́yìn mi. Akoto méjì ló wà fún wa, tèmi àti tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ náà ni àwọn ará ilé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀. Ó dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú irun tuntun tó ga bí òkìtì ọ̀gán, wọ́n ti fi odindi ọjọ́ kan dì í. Gbogbo wa yìn ín. Nígbà tó di pé ká gbéra, ó gbé akoto lérí, kò wọlé.

“Mà, ẹ wò ó,” ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Bí mo bá tì í, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ. Ẹ jẹ́ kí n gbé e sí ẹsẹ̀ mi lónìí nìkan.”

Mo wo kúlà. Yìnyín inú rẹ̀ ti ń yọ́. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ti ń dúró dè wá. Mo wo ojú ọmọ náà, ayọ̀ kún un. Mo dá ara mi lóhùn pé mo ti mọ ọ̀nà yẹn bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́, pé mi ò ní sáré.

Mo ní, “Ó dáa. Dì mí mú dáadáa.”

N kò sáré. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń ka èyí gbọ́ ọ dáadáa, torí gbogbo ènìyàn ló rò pé eré nìkan ló ń pa alálùpùpù. N kò sáré, n kò mutí, ojú mi kò sì kúrò lọ́nà. Nígbà tí ó kù díẹ̀ ká dé Ìjàn, ibi tí ọ̀nà ti yà, ọkọ̀ kan ti da yanrìn sójú títì. Ẹ̀yìn kọ́nà ló wà, n kò rí i títí mo fi gùn ún. Táyà iwájú yọ̀ lọ bí ẹni pé ẹnìkan fà á. Mo gbọ́ “gbàà” létí mi. Akoto mi ló lu ọ̀dà.

Mo dìde. Ìbọ̀wọ́ mi ti ya látẹ́lẹwọ́. Aṣọ méjèèjì ìgúnpá jákẹ́ẹ̀tì mi ti ya dé inú. Akoto mi ti là láti etí dé àtàrí. Èmi fúnra mi, kò sí nǹkan kan ju orúnkún tó wú. Mo yíjú, mo rí Bọ̀sẹ̀ lórí ilẹ̀, ojú rẹ̀ là, kò rí mi. Ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde láti etí rẹ̀. Akoto tirẹ̀ wà nínú koríko lẹ́bàá ọ̀nà, kò ní àpá kankan. Ó ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Àgbẹ̀ kan ló ń bọ̀ láti Ìjàn pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù tó kún fún iṣu. Kò bi mí ní ohun kan. Òun àti ìyàwó rẹ̀ da gbogbo iṣu náà sẹ́bàá ọ̀nà, a gbé Bọ̀sẹ̀ sínú ọkọ̀, ó di Adó. Mo mọ̀ nínú mọ́tò yẹn pé bó bá yè, kò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo di orí rẹ̀ mú láàárín ọwọ́ mi méjèèjì, irun rẹ̀ tó rẹwà yẹn wà nínú ọwọ́ mi.

Èmi ni mo lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ọ́fíìsì fẹ́ rán ẹlòmíràn, mo ní rárá. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n èyí kò tilẹ̀ ṣeé jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá náà ń gún ata nígbà tí mo dé. Àwọn ará ilé gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìyá náà nínú pé ọmọ ṣì ń mí, pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ìyá Bọ̀sẹ̀ kò wò wọ́n. Ìgúnpá jákẹ́ẹ̀tì mi tó ya ni ìyá náà ń wò.

Wọ́n ní, “Ìwọ ńkọ́? Kí ló wà lórí tìrẹ?”

“Akoto ni, mà.”

“Ti ọmọ mi ńkọ́?”

“Ó gbé e sí ẹsẹ̀ rẹ̀, mà. Irun rẹ̀ ni kò jẹ́…”

“Ta ni ọ̀gá nínú yín?”

“Èmi ni, mà.”

Wọ́n gbé ọmọ odó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ fún àwọn tó ń tù wọ́n nínú pé, “Ẹ má sọ fún mi mọ́ pé agbè kò fọ́. Agbè ló fọ́.” Wọ́n sì dìde, wọ́n lọ di aṣọ tí wọn yóò gbé lọ sí ilé ìwòsàn.

Bọ̀sẹ̀ kò kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, nígbà tó sì sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa omi nínú kànga jíjìn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́ láé. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Ọdún kejì ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, ìjókòó ló fi ṣe é, mo wà níbẹ̀. Ó fa ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà, ó sọ ọ́ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan pé, “Mà. Èmi. Ni mo. Bẹ̀ yín.” Mo dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ lo bẹ̀ mí. Èmi ni mo gbà.” Èmi kò sì tíì sọ ẹrù yẹn kalẹ̀ títí di òní. N kò fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí a ṣubú náà, mo ti gbé akoto mi tó là lọ bá Bàbá Sájẹ́ǹtì nílé. Ó ti darúgbó nígbà náà, kò kọ́ ènìyàn mọ́. Mo ní mo fẹ́ fi máṣíìnì sílẹ̀. Ó fi ìka tọ ojú ibi tí akoto náà gbà là.

“Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ta?”

“Ọwọ́ mi, sà.”

“Nígbà tí o fẹ́ fi í síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó lo gbọ́ ìdè?”

“Ẹ̀ẹ̀kan, sà.”

Ó mi orí. Kò bú mi. Mo ti gbáradì fún èébú, èébú náà kò wá, èyí sì dùn mí jù. Ó ní, “Padà sẹ́nu uṣẹ́ lọ́la. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí ẹni tó jìn sínú rẹ̀ bá sá lọ, ta ni yóò kọ́ wọn?”

Mo padà. Mo le ju bàbá náà lọ. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gun máṣíìnì ní ọ́fíìsì wa, ọwọ́ mi ló ti ń gba kọ́kọ́rọ́, n kò sì fún ẹni tó wọ sálúbàtà, ẹni tó wọ alápá péńpé, ẹni tí okùn akoto rẹ̀ ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo dá a sílẹ̀ pé obìnrin tó bá ń jáde sí abúlé, kọ́lẹ́sẹ̀ ni yóò dì lọ́sẹ̀ náà. Àwọn kan kórìíra mi. Wọ́n ní mo ti di ológun.

Ìgbà kan wá tí ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ máa dé akoto. Kí n máa rẹ́rìn-ín ni àbí kí n máa sunkún? Ní ìyànà Ọjà Ọba, mo rí ọkùnrin kan tó la igbá sí méjì, tó fi okùn dè é mọ́ àgbọ̀n, tó sì ń gbé èrò lọ. Òmíràn dé ike ọ̀dà ilé. Mo dá onígbá náà dúró.

“Ọ̀gbẹ́ni, kí lo dé sórí yìí?”

“Akoto ni, mà. Ṣebí akoto ni wọ́n ní ká dé? Akoto kò ju igbá lọ.”

“Ṣé ó lè gbà ọ́ sílẹ̀?”

“Ó lè gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn agbófinró, mà.”

Ìyẹn ni gbogbo àṣìṣe wa. A rò pé torí agbófinró la ṣe ń dé e. Àwọn èrò ní tiwọn ń bẹ̀rù pé ẹnìkan lè ti fi oògùn sínú akoto tí gbogbo ayé ń dé. Mo sọ fún wọn pé kí kálukú ra tirẹ̀, kó gbé e lọ́wọ́ bó ṣe ń gbé agbòjò. Àwọn kan gbọ́.

Nǹkan ń yí padà lójú mi. Àwọn máṣíìnì àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ la fi ń ta wọ́n kí wọ́n tó ké; àwọn ti ìsinsìnyí, bọ́tìnnì lásán ni. Àwọn akoto àtijọ́ wúwo bí odó, ọrùn á máa dun ni. Àwọn tó dé lẹ́yìn fúyẹ́, wọ́n ní ojú gíláàsì tó ń lé eruku àti kòkòrò. Ṣùgbọ́n ayédèrú náà dé. Mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ akoto lẹ́gbẹ̀ẹ́ wò. Bó bá tẹ̀ wọnú, mo dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Èyí tó bá sì ti lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú orí nínú, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. N kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kan ọ̀gá kan wá láti olú ọ́fíìsì. Agbádá funfun, fìlà abetí ajá. Ọkọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́nà, àwọn ènìyàn pàtàkì sì ti ń dúró dè é ní abúlé kan tí a ti ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Ó ní kí n gbé òun. Mo na akoto sí i.

Ó rẹ́rìn-ín. “Èmi? Pẹ̀lú fìlà yìí? Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bọ́ fìlà.”

“Ṣé ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́?”

“Mo mọ̀ yín, sà. Títì ni kò mọ̀ yín.”

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun lè fi ìwé kan ṣoṣo gbé mi kúrò ní Adó. Gbogbo òṣìṣẹ́ ti jáde síta, wọ́n ń wò. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní parọ́, ọmọ mi méjì ló ṣì wà ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n mo rí ìyá Bọ̀sẹ̀ lójú mi níbi tí wọ́n ti ń gún ata. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò, mo jókòó sórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, mo ká ọwọ́ lẹ́rán.

Ó dúró. Ó wo aago. Ó wo ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó bọ́ fìlà, ó ká agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó gba akoto. Èmi fúnra mi ni mo bá a de okùn rẹ̀. Kọ́. Mo gbé e débẹ̀, mo gbé e padà. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà, kò sí rárá. Ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ ohun ìdáàbòbò, ẹ̀yin ọmọ mi: ọjọ́ tí kò ṣe nǹkan kan pọ̀ ju ọjọ́ tó ṣe é lọ, ẹ kò sì mọ èwo ni tòní. Kò fi ìwé gbé mi. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, akoto tuntun méjìlá dé ọ́fíìsì wa. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tó ti wá. Èmi mọ̀.

Àwọn obìnrin tí mo kọ́ ní máṣíìnì pọ̀. Wọ́n wà ní Ìyìn, wọ́n wà ní Ìjàn, àwọn kan ti lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn. Gbogbo wọn ni mo mú lọ sí pápá, gbogbo wọn ni mo sì sọ fún pé kí wọ́n ṣubú. Àwọn mìíràn ṣubú lóòótọ́ nígbà tó yá, lórí títì, nínú ẹrẹ̀, lórí òkúta. Ọ̀kan fi ọrùn ọwọ́ kán. Ọ̀kan fi ẹsẹ̀ rọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí mo tún lọ jíṣẹ́ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí wọn kò sì wọ́. Bí ẹ bá ń wá ohun tí mo fi ń yangàn, òun nìyẹn.

Nítorí náà, ọmọ tó bi mí léèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ náà dáa fún obìnrin. Yóò rẹ̀ ọ́. Òjò yóò pa ọ́. Ṣùgbọ́n wàá dé ibi tí ẹnikẹ́ni kì í dé, ìyá kan yóò sì sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ rẹ. Kí o sáà ti wọ gbogbo ohun ìjà rẹ kí o tó jáde. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, mo ní n kò fẹ́ ayẹyẹ. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní òwúrọ̀, mò ń mu ògì. Mo gbọ́ ìró máṣíìnì kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, mo gbọ́ òmíràn, mo tún gbọ́ òmíràn, títí ọkọ mi fi jáde wá bèèrè pé kí ló dé. Wọ́n ń wọ inú ọgbà wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn obìnrin pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀wọ́, bàtà búùtù. N kò dá ọ̀kan mọ̀ nínú wọn, torí pé akoto bo ojú gbogbo wọn. Wọ́n tò sílẹ̀ níwájú mi, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n tú okùn àgbọ̀n, wọ́n bọ́ akoto lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn tí mo kọ́kọ́ kọ́ ni, ewú sì ni mo rí. Orí tí mo mọ̀ ní dúdú kirikiri nígbà tí wọ́n ń ṣubú sórí koríko, gbogbo rẹ̀ ti ń funfun. Wọ́n ti ń darúgbó. Gbogbo wọn ló pé dé ọjọ́ ogbó, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí mi.